Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ní Ìpèníjà Ìkẹ́kọ̀ọ́ àti Kọ́ọ̀sì Kànńpá

Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí kò ní kọ́ọ̀sì kànńpá. Akẹ́kọ̀ọ́ lè yan iṣẹ́ tí ó wù ú láti ṣe láyé, ó sì lè yan ẹ̀ka tí yóò wọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀kọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í bi í bóyá ó fẹ́ wọn. Ní ibì kan, ìṣirò ni. Ní ibòmíràn, èdè àjèjì ni. Ní Nàìjíríà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni olórí wọn. Ẹni tí kò bá yege nínú wọn kò ní gba oyè, bí ó tilẹ̀ ta gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ nínú iṣẹ́ tí ó torí rẹ̀ wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Ìbéèrè tí ó ti ń da àwọn olùkọ́ láàmú láti ọjọ́ pípẹ́ ni èyí: kí ni ó tọ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ọpọlọ rẹ̀ pé, tí ó sì ń sapá, ṣùgbọ́n tí ìpèníjà ìkẹ́kọ̀ọ́ ń dí i lọ́wọ́ nínú irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn méjì ni ó sábà máa ń jáde. Àwọn kan a ní kí wọ́n yọ̀ǹda akẹ́kọ̀ọ́ náà pátápátá, kí ó máa lọ láìṣe kọ́ọ̀sì náà, nítorí pé àánú rẹ̀ ń ṣe wọ́n. Àwọn mìíràn a ní òfin kò mojú ẹnì kan: ohun tí gbogbo ọmọ ṣe ni kí òun náà ṣe, bí kò bá lè ṣe é, kí ó gba ilé lọ. Ìkánjú wà nínú ìdáhùn méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ sọ ẹ̀kọ́ di ohun tí a fi ń tọrẹ àánú. Ti èkejì sọ òfin di ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ béèrè ìdí rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí kò sọ pé kí ẹni tí ọ̀nà nira fún má dé ọjà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí gbogbo ayé gbà. Ọjà ni ó ṣe pàtàkì. Ó yẹ kí olùkọ́ mọ ibi tí ọjà wà kí ó tó máa bá ọmọ jà lórí ọ̀nà.

Ìpèníjà tí à ń wí yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìgbọ́n. Ní 1887, Rudolf Berlin, dókítà ojú kan ní ilẹ̀ Jámánì, lo ọ̀rọ̀ náà dyslexia fún àwọn àgbàlagbà tí ìwé kíkà di ìṣòro fún nítorí àìsàn ọpọlọ. Ní 1896, W. Pringle Morgan, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan tí wọ́n ń pè ní Percy. Kò sí àìsàn kankan tó kọlu ọmọ yìí. Ó já fáfá, ó mọ eré ṣe, ojú rẹ̀ ríran dáadáa, síbẹ̀ lẹ́tà kò ṣeé so pọ̀ fún un. Olùkọ́ tí ó ti kọ́ ọ fún ọdún mélòó kan jẹ́rìí sí i pé bí ó bá jẹ́ pé ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ náà ni, kò sí ọmọ tí ìbá mọ̀wé jù ú lọ. Ẹ̀rí olùkọ́ yìí yẹ fún àròjinlẹ̀. Ìmọ̀ wà nínú ọmọ náà; ẹnu ọ̀nà tí ilé-ẹ̀kọ́ ní kí ó gbà wọlé ni ó há mọ́ ọn. Ní 1963, ní ìlú Chicago, Samuel Kirk bá àwọn òbí tí ọmọ wọn ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì fún un ní orúkọ tí gbogbo ayé wá ń pè é lónìí, èyí tí à ń pè ní ìpèníjà ìkẹ́kọ̀ọ́ ní èdè tiwa.

Oríṣiríṣi ni ìpèníjà náà. Dyslexia ni ó wọ́pọ̀ jù: dídá ìró ọ̀rọ̀ mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan àti síso ìró mọ́ lẹ́tà ni ó máa ń nira fún ẹni tí ó ní in. Nítorí náà, ìwé kíkà rẹ̀ a máa falẹ̀, àkọtọ́ rẹ̀ a sì máa ṣe ségesège. Àwọn mìíràn wà tí nọ́ńbà ni ó ń dà wọ́n lọ́kàn rú, tàbí tí ọwọ́ wọn kò lè bá èrò wọn dọ́gba lórí ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá ọgbọ́n dá sí i láti kékeré: wọ́n ń há sórí, wọ́n ń fetí sílẹ̀ ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, wọ́n sì ń ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọgbọ́n yìí a máa gbé wọn dé yunifásítì. Ọjọ́ tí wọ́n bá dé iwájú èdè àjèjì ni ọgbọ́n náà yóò tán, nítorí pé ìró tuntun, lẹ́tà tuntun àti gírámà tuntun dé lẹ́ẹ̀kan náà. Kenneth Dinklage, tí ó jẹ́ agbaninímọ̀ràn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Harvard, kọ̀wé ní 1971 nípa irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó pegedé ni wọ́n nínú ohun gbogbo, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀sì èdè kànńpá di òkúta ìdìgbòlù fún wọn.

Ẹjọ́ tí ó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí gbangba jù lọ ni ti Yunifásítì Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kí ó tó yéni, ó yẹ kí a mọ òfin tí ó wà nílẹ̀. Ní 1973, orílẹ̀-èdè náà ṣe òfin pé ilé-iṣẹ́ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ ti ẹnikẹ́ni sẹ́yìn nítorí àléébù ara tàbí ti ọpọlọ. Ìlànà tí wọ́n fi ṣàlàyé òfin náà ní 1977 dárúkọ àwọn àtúnṣe tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga lè ṣe: kí wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àkókò púpọ̀ sí i láti parí ẹ̀kọ́, kí wọ́n fi kọ́ọ̀sì kan rọ́pò òmíràn, tàbí kí wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ kọ́ọ̀sì padà. Ṣùgbọ́n ìlànà kan náà sọ pé ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ bá lè fi hàn pé ó jẹ́ òpó ẹ̀kọ́ náà, wọn kò ní fi dandan lé e pé kí ó yí i padà. Ní 1990, òfin mìíràn dé tí ó mú ààbò náà gbòòrò sí i.

Ní Boston, ọ́fíìsì kan wà tí ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìpèníjà ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, àwọn ènìyàn sì ń yìn ín. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà àti sáyẹ́ǹsì níbẹ̀ ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ èdè àjèjì dé ìwọ̀n sáà mẹ́rin, kí wọ́n sì ṣe ìṣirò pẹ̀lú. Ọ́fíìsì náà a máa gba àwọn díẹ̀ láyè láti fi kọ́ọ̀sì mìíràn dípò. Ní 1995, Jon Westling, tí ó jẹ́ olórí ètò ẹ̀kọ́ ní yunifásítì náà, tí ó sì di ààrẹ rẹ̀ ní 1996, fòpin sí àṣà yìí. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa tún àyẹ̀wò ara wọn ṣe ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, kí ó sì jẹ́ pé dókítà tàbí onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tó ní ìwé àṣẹ nìkan ni yóò ṣe é fún wọn.

Ìtàn kan wà tí Westling sọ nínú ọ̀rọ̀ tí ó sọ ní gbangba ní 1995. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Samantha wá bá òun pẹ̀lú ìwé láti ọ́fíìsì, pé kí òun fún un ní àyè ní ìlà iwájú, kí òun fún un ní àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́, kí òun fi àkókò kún ìdánwò rẹ̀, àti pé ó lè sùn lọ nínú kíláàsì. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn náà yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì gbà pé ọ̀lẹ àti ẹlẹ́tàn ló kún inú àwọn tí ń béèrè ìrànwọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, Westling gbà pé kò sí Samantha kankan. Òun ni ó hun ìtàn náà. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ńlá fi ẹni tí kò sí láyé ṣe àpẹẹrẹ, ìṣesí rẹ̀ sí àwọn tí ó wà láyé sì bá àpẹẹrẹ náà mu.

Ní oṣù Keje 1996, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá pe yunifásítì náà lẹ́jọ́. Adájọ́ Patti Saris gbọ́ ẹjọ́ náà, ó sì gbé ìdájọ́ kalẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1997. Ó ní ìlànà àyẹ̀wò ọdún mẹ́ta mẹ́ta tí wọ́n gbé ka àwọn tó ní ìpèníjà ìkẹ́kọ̀ọ́ lórí lòdì sí òfin, nítorí pé irú ìpèníjà bẹ́ẹ̀ kì í ṣí kúrò lára àgbàlagbà bí ibà. Ó ní kò yẹ kí wọ́n ti àwọn olùṣàyẹ̀wò tó kọ́ nípa ẹ̀kọ́ àkànṣe sẹ́yìn. Ó tún sọ pé èrò tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nípa irú ẹ̀dá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí jẹ́ wà lára ohun tí ó sún àwọn aláṣẹ ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Ó ní kí wọ́n san owó ìtánràn tí ó sún mọ́ 30,000 dọ́là fún mẹ́fà nínú wọn.

Lórí èdè àjèjì, adájọ́ náà kò pàṣẹ pé kí wọ́n gba ìpààrọ̀ kọ́ọ̀sì. Ohun tí ó sọ ni pé yunifásítì náà kò tíì ronú sí ọ̀rọ̀ náà bí ó ti yẹ. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó pàṣẹ láti orí àga rẹ̀. Ó ní kí wọ́n pe ìgbìmọ̀ àwọn olùkọ́ jọ, kí wọ́n yiiri rẹ̀ wò bóyá ìpààrọ̀ náà yóò ba òpó oyè wọn jẹ́. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 11 jókòó nígbà méje. Wọ́n ní èdè àjèjì jẹ́ òpó ẹ̀kọ́ àwọn, pé kò sí kọ́ọ̀sì tí a kọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó lè fún ọmọ ní irú òye tí ó wà nínú kíkọ́ èdè mìíràn. Ní oṣù Karùn-ún 1998, adájọ́ náà gbà fún wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ borí nínú apá kan ẹjọ́ náà, yunifásítì sì borí nínú apá kejì.

Ó rọrùn láti bínú sí ìparí yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ràn lítíréṣọ̀ Yorùbá kò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ náà. Ìwé D. O. Fágúnwà tí ó jáde ní 1938, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láti 1968, Wọlé Ṣóyínká ni ó sì túmọ̀ rẹ̀. Ògbóǹtarìgì ni olùtumọ̀ náà. Síbẹ̀, olùkọ́ èwo ni yóò sọ pé ọmọ tí ó ka ìtumọ̀ náà nìkan ti gbọ́ ohùn Fágúnwà tán, pẹ̀lú àwítúnwí rẹ̀, eré ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti bí gbólóhùn rẹ̀ ṣe ń lọ bí ìlù? Ohun kan wà nínú èdè tí kì í bá ìtumọ̀ sọdá odò. Nítorí náà, àwọn olùkọ́ Boston kò purọ́ nígbà tí wọ́n sọ pé èdè níye lórí. Ẹni tí ó bá ní kí wọ́n fagi lé kọ́ọ̀sì èdè nítorí pé ó le, ó ń já ohun iyebíye kúrò lọ́wọ́ gbogbo ọmọ, títí kan ọmọ tí ó rò pé òun ń ràn lọ́wọ́.

Àmọ́ ìbéèrè kan kù tí ìdáhùn ìgbìmọ̀ náà kò pa rẹ́. Mélòó nínú àwọn tí ó kọ́ èdè ní sáà mẹ́rin ni ó lè jókòó ti ìwé ìtàn àròsọ ní èdè náà kí ó gbádùn rẹ̀ láìwo ìwé atúmọ̀-èdè? Wọn kò pọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ń mú lọ ni òye pé àwọn ẹlòmíràn wà láyé tí wọ́n ń to èrò wọn lọ́nà mìíràn. Bí ó bá jẹ́ pé òye yìí ni ọjà tí kọ́ọ̀sì náà ń lọ, a jẹ́ pé ọ̀nà mìíràn lè dé ibẹ̀ fún ìwọ̀nba àwọn tí ẹ̀rí tó dájú fi hàn pé ọ̀nà àkọ́kọ́ dí mọ́: kọ́ọ̀sì tó jinlẹ̀ nínú ìtàn, àṣà àti lítíréṣọ̀ àwọn ènìyàn kan, tí kò rọrùn ju ti èdè lọ, tí ó kàn yàtọ̀ sí i ni. Ọ̀pọ̀ yunifásítì mìíràn ní Amẹ́ríkà ń gba irú ìpààrọ̀ bẹ́ẹ̀, oyè wọn kò sì tìtorí rẹ̀ di yẹpẹrẹ. Ẹni tí ó bá ń kàwé gboyè nínú èdè Faransé, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀; èdè náà ni ọjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kọ́ nípa ìmọ̀ ilẹ̀ ayé tàbí ìṣẹ̀dá, ó yẹ kí wọ́n bi ara wọn léèrè dáadáa kí wọ́n tó fi èdè dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ìpààrọ̀ pàápàá kọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Òun ló yẹ kó kẹ́yìn. Kí a tó dé ibẹ̀, ìrànwọ́ púpọ̀ wà tí kò yí ohun tí a ń kọ́ padà, tí ó kàn yí bí a ṣe ń kọ́ ọ àti bí a ṣe ń dán an wò padà. A lè fi ìdajì wákàtí kún àkókò ìdánwò. A lè jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹnu dáhùn ohun tí àwọn yòókù fi ọwọ́ kọ. A lè fún un ní ìwé tí kọ̀ǹpútà lè kà sókè sí etí rẹ̀. A lè pín iṣẹ́ sáà kan sí méjì. A lè kọ́ ìró èdè ní gbangba, lọ́kọ̀ọ̀kan, dípò kí a retí pé ọmọ yóò fúnra rẹ̀ já a. Ẹjọ́ Boston ní 1998 kò ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Ìpààrọ̀ kọ́ọ̀sì nìkan ni ó dá lé.

Ẹjọ́ méjì mìíràn là á yéni pé òfin Amẹ́ríkà kò fi ojúure lásán wo akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1979, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ sọ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò jẹ̀bi bí kò ṣe gba obìnrin kan tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa, nítorí pé láti gbà á, àfi kí wọ́n yọ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn gan-an kúrò nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ní Yunifásítì Tufts, tí ó ní dyslexia, ní ìdánwò alábala tí a ti ń mú ìdáhùn kan nínú púpọ̀ kò fi ìmọ̀ òun hàn. Ní 1991, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ilé-ẹ̀kọ́ náà kò tíì fi hàn pé òun ronú lórí ọ̀nà mìíràn; ní 1992, lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ yékéyéké, ilé ẹjọ́ dá a láre. Ẹ̀kọ́ kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Òfin kò ní kí ilé-ẹ̀kọ́ máa sọ bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo ẹ̀bẹ̀. Ohun tí ó ní kí ó ṣe ni kí ó ronú, kí ó sì lè sọ ìdí rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ìrẹ́jẹ ni èyí jẹ́ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù: bí ẹnì kan bá gba wákàtí mẹ́ta, kí ló dé tí àwọn tó kù fi gba méjì? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tí ìdánwò ń wọ̀n. Bí eré sísá bá ni à ń wọ̀n, àkókò kò ṣeé fi kún. Bí ó bá jẹ́ òye ìtàn Ogun Kírìjì ni, kí ni ìyára ọwọ́ ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀? Kò sí ẹni tí ń pe awò ojú ní ìrẹ́jẹ. Àwọn mìíràn yóò ní àwọn ẹlẹ́tàn yóò fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ ìpèníjà. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe àsọdùn, ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò láti ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe fi pọn dandan. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Nítorí ẹlẹ́tàn kan tí ó lè wà, a kì í ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn olóòótọ́ tó dájú pé wọ́n wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n, bí ẹjọ́ náà tilẹ̀ jìnnà. Kò sí ẹni tí yóò ṣe ìdánwò JAMB láìṣe Gẹ̀ẹ́sì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọ yunifásítì tán, kọ́ọ̀sì GST ń dúró dè é, Gẹ̀ẹ́sì sì tún wà nínú wọn. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá, èdè kejì ni Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ohun tí èdè àjèjì jẹ́ fún ọmọ Boston nínú kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ fún ọmọ ilẹ̀ yìí tó ní dyslexia nínú gbogbo kọ́ọ̀sì rẹ̀. Òfin kò ṣàìsí. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2011. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó lòdì sí fífi ọwọ́ rọ́ àwọn ènìyàn tó ní ìpèníjà sẹ́yìn jẹ́ ti 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kìn-ín-ní 2019. Láti 2017 ni JAMB ti ń ṣètò ibùdó àkànṣe fún àwọn afọ́jú tó fẹ́ ṣe ìdánwò rẹ̀. Ohun ìyìn ni. Ṣùgbọ́n ojú máa ń rí ọ̀pá afọ́jú. Kò rí dyslexia. Ọmọ tó ní in kò ní ọ̀pá lọ́wọ́, kò sì fi ara hàn. Ohun tí wọ́n ń rí ni ìwé tí àkọtọ́ rẹ̀ dàrú, orúkọ tí wọ́n sì ń fún un ni olódo.

Ní oṣù Kẹwàá 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé kírẹ́dìtì nínú ìṣirò kò ní jẹ́ kànńpá mọ́ fún àwọn tó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga láti ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣàlàyé pé gbogbo ọmọ yóò ṣì máa ṣe ìṣirò nínú ìdánwò àṣekágbá. Ìkéde náà dá àríyànjiyàn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ohun kan hàn: kànńpá kì í ṣe àṣẹ tí ó já láti ọ̀run. Ènìyàn ni ó ṣe é, ènìyàn sì lè bi í ní ìdí. Ìyàtọ̀ ni pé ìkéde yẹn ṣí ìlẹ̀kùn fún ẹgbẹ́ kan lápapọ̀, kò sì sọ ohunkóhun nípa ọmọ kan ṣoṣo tí nọ́ńbà ń dà lọ́kàn rú, tí ó fẹ́ ka sáyẹ́ǹsì, tí ó kàn nílò àkókò àti olùkọ́ tó mọ ọ̀nà.

Yorùbá ní ìrírí tirẹ̀ tó yẹ kí ó là wá lójú. Ní 1970, ní Ilé-Ifẹ̀, Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lágbede méjì lọ, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò gbẹ́yìn lọ́wọ́ wọn. Ìwé tí wọ́n kọ́ kò rọrùn. Ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ wọn ni ó yí padà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, kí Àjàyí Crowther tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, ẹnu àti etí ni àwọn baba ń fi kọ́ ọmọ ní ẹsẹ Ifá, oríkì àti ewé. Kò sí ẹni tó lè sọ pé àwọn tí ó há ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹsẹ sórí kò kàwé tó. Ìdánwò alohùn kì í ṣe àánú tí a yá láti òkè òkun. Àṣà àtijọ́ ni nílẹ̀ yìí.

Kíláàsì Yorùbá gan-an kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tó ní dyslexia lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ lẹ́nu láìṣì, kí ó sì fi àmì ohùn sí ibi tí kò yẹ lórí ìwé nígbà gbogbo. Bí olùkọ́ bá yọ máàkì kan fún àmì kọ̀ọ̀kan nínú àròkọ tí ó kún fún ọgbọ́n, kí ni ó ń wọ̀n? Bí àmì ohùn bá ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, kí ó yọ ọ́, kí ó sì tún un kọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìtúpalẹ̀ ewì ni, kí ó wọn ìtúpalẹ̀. Olùkọ́ tó bá lè sọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí ti ṣe ohun tí adájọ́ Boston ní kí odindi yunifásítì kan lọ ṣe.

Ohun tí ó kù kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó ní kọ́ọ̀sì kànńpá kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ lè lóye: kí ni kọ́ọ̀sì yìí wà fún, kí sì ni ẹni tí kò ní in kò ní lè ṣe? Bí wọn kò bá lè dáhùn, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ni ó kùnà. Èkejì, kí ilé-ẹ̀kọ́ wá àwọn tó mọ àyẹ̀wò ṣe. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe, kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àkànṣe tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ sì ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ láti 1977. Ìmọ̀ náà kò jìnnà sí ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Ẹ̀kẹta, kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ má fi ojú ti ara rẹ̀. Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí ó bá béèrè ìrànwọ́ ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní sáà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ó béèrè. Ẹni tí ó dákẹ́ dìgbà tí èsì jáde, àánú nìkan ni ó kù tí yóò máa bẹ̀bẹ̀ fún.

Òṣùwọ̀n gíga kò burú. Ẹni tó fẹ́ ire fún ọmọ kò ní bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n já òṣùwọ̀n náà wálẹ̀ nítorí rẹ̀, nítorí oyè tí a fi àánú gbà kì í pẹ́ kó tó di ìtìjú lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí kò mọ ohun tí òun ń wọ̀n kì í ṣe òṣùwọ̀n. Igi lásán ni. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá mọ ohun tí kọ́ọ̀sì rẹ̀ wà fún yóò lè sọ fún ọmọ kan pé, "Èyí kò ṣeé yí padà," yóò sì sọ ìdí rẹ̀; yóò sì lè sọ fún ẹlòmíràn pé, "Gba ọ̀nà ibí yìí," ẹ̀rù kò sì ní bà á pé ọjà òun yóò tú.